Orúkọ Nínú Igbó

"Bọ́lánlé!"

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí Adéṣínà ń pe ìyàwó rẹ̀. Igbó gbé orúkọ náà mì, kò pọ̀ ọ́. Ó dúró, ó tẹ́tí. Ẹyẹ kan fò. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan.

Ìdànrè ni tọkọtaya náà ti gbéra láàárọ̀. Wọ́n ń lọ sí Àsàbá, wọ́n fẹ́ wo ọmọ tí Jùmọ̀kẹ́, ọmọ wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ọkọ̀ bà jẹ́ ní Uwasota, nílùú Bìní. Awakọ̀ ní kí àwọn èrò fún òun ní wákàtí mẹ́ta. Ẹnì kan sọ pé ọgbà igi kan wà nítòsí, ó tóbi bí ìletò, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Wọ́n lọ. Igi kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, tí wọ́n kọ sára páánù pélébé. Bọ́lánlé ní òun fẹ́ yà sẹ́yìn igbó kí òun tọ̀. Adéṣínà rìn síwájú díẹ̀, ó ń ka orúkọ igi. Nígbà tó padà, kò bá a níbẹ̀.

Oúnjẹ Bọ́lánlé wà nínú báàgì tí Adéṣínà gbé kọ́ èjìká. Àtọ̀gbẹ ń bá obìnrin náà jà. Ó ti gba abẹ́rẹ́ láàárọ̀, bí kò bá sì jẹun lásìkò, ṣíṣubú ni. Ó ṣubú ní ṣọ́ọ̀ṣì lóṣù tó kọjá, ènìyàn mẹ́rin ló gbé e. Níbí, ta ni yóò gbé e?

Òjò ṣú. Aago mẹ́rin péré ló lù, ṣùgbọ́n abẹ́ igi ti ṣókùnkùn. Adéṣínà yára sí i.

Létí odò kékeré kan, ó rí sálúbàtà ìyàwó rẹ̀, ti ẹsẹ̀ òsì, nínú ẹrẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ó wo omi náà. Kò jìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákú kò nílò omi púpọ̀.

Mẹ́gádì ọgbà ti gbọ́ igbe rẹ̀, ó sáré dé.

"Papa, wetin happen?"

"My wife. I no see am."

"Una quarrel?"

"Rárá o!"

Mẹ́gádì gbé ohùn sókè: "Mama Bolanle! Mama Bolanle o!"

Lápá ọ̀tún, ewé gbígbẹ ró, bí ẹsẹ̀ tó ń sá. Ó sì dákẹ́.

"Na animal," ni mẹ́gádì wí.

Adéṣínà di apá rẹ̀ mú. "Abeg, no call am again."

Ó ti yé e. Ọdún mọ́kànlélógójì tí wọ́n ti fẹ́ra, Ìyá Jùmọ̀kẹ́ ló ń pè é. Kí Jùmọ̀kẹ́ tó dé, "ìwọ" ni. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ nínú igbó, tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, o kò gbọdọ̀ dáhùn. Sá ni kí o sá. Kò sí ọmọ tí wọn kò kọ́ bẹ́ẹ̀ nínú oko kòkó wọn. Òun náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ló mú un gbàgbé.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó ké bí wọ́n ṣe ń ké lóko.

"Húù!"

Kò sí èsì. Ó ka oókan dé ẹẹ́wàá. Ó tún un ké.

"Húù." Ohùn náà tín-ín-rín.

Wọ́n bá a láàárín gbòǹgbò ńlá méjì, òógùn bò ó, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Adéṣínà kúnlẹ̀, ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń fi í sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó lè sọ̀rọ̀.

"Mo ń ṣanwọ́ létí omi ni nǹkan kan pe orúkọ mi. Mo sá. Nígbà tó yá, wọ́n di méjì."

"Èmi ni."

Ó wò ó. "Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ mọ orúkọ mi?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀ bá ti máa pè é nílé, kí etí mi lè mọ̀ ọ́n."

Òjò bẹ̀rẹ̀. Mẹ́gádì gbá a mú lápá kan, Adéṣínà gbá a mú lápá kejì. Orúkọ Bọ́lánlé wà lẹ́nu ọkọ rẹ̀ títí wọ́n fi ń sún mọ́ géètì.

"Ìyá Jùmọ̀kẹ́," ó wí, "rọra."

Kò sẹ́ni tó rántí sálúbàtà òsì. Ó kù sétí omi, nínú ẹrẹ̀.