Ọrùn Bàbá Láwàlì

Láti Amukoko títí dé Àpápá ni inú ń bí Zulfah, kò sì bò ó mọ́ra. Bàbá rẹ̀ ló ń bínú sí. Ọkùnrin tó ti ń ru ẹrù ní èbúté Lighter Terminal ní Kirikiri láti nǹkan bí ogún ọdún, tí kò bẹ̀rù kireni, tí kò bẹ̀rù ọ̀gá, ló dúró sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ yìí tó ní ọmọ tí òun bí lọ́mọ kò ní di òun lórí mú níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

"Orúkọ yín ni mo kọ sílẹ̀, Bàbá. Bí ẹ ò bá bá mi lọ, òdo ni wọ́n máa fún mi."

Bàbá Láwàlì fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀, ó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n máa fi gba àárín àwọn tírélà kọjá ní Liverpool Road, kò tíì sọ ju "rọra" lọ.

Ó kúkú ní ohun tó wà nídìí ìbínú yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ilé-ìwé nọ́ọ̀sì tí Zulfah ń lọ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yẹ àgbà kan wò nílé, láti àtàrí dé ọrùn, kó fọwọ́ tẹ gbogbo ẹ̀ wò dáadáa, kó sì kọ ohun tó bá bá níbẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Ẹ gbà mí o, ta ló fẹ́ máa fọwọ́ tẹ bàbá ará Ìsẹ́yìn lórí? Ìyá Zulfah pàápàá kì í gbá fìlà yẹn mú láìtọrọ gáfárà. Zulfah bá tan iná fóònù sí bàbá rẹ̀ lójú, ó ní kó yọ ahọ́n, ó dúró lókèèrè wo ọrùn rẹ̀, ó kọ "kò sí kókó" síbi tí wọ́n ní kó kọ ọ́ sí, ó sì padà sídìí ìrẹsì tó gbé ka iná. Gbogbo kíláàsì ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ejiro tiẹ̀ kọ tiẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Marúwá. Àfi bí Sístà Tinú, olùkọ́ wọn, ṣe dédé ní kí wọ́n kó àwọn àgbà náà wá, kí wọ́n tún un ṣe lójú òun. Irú ìwà wo nìyẹn? Kí ló dé tí kò ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Nínú kíláàsì, Sístà Tinú kúnlẹ̀ kí Bàbá Láwàlì, ó fún un ní àga, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ṣí fìlà."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀.

"Ẹ ṣí i, Bàbá. Wọ́n ń wò wá." Zulfah ò fi irú ohùn yẹn bá a sọ̀rọ̀ rí láyé ẹ̀.

Ó ṣí i. Zulfah bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí. Ó tẹ agbárí, ó ya irun wò, ó tẹ iwájú orí, ó fa etí, ó wo inú imú àti ẹnu. Ó ń fi ìbínú ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ le. Ó bọ́ sí ọrùn, ó tẹ abẹ́ àgbọ̀n, ó tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nígbà tó dé òkè eegun èjìká òsì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Nǹkan kan wà níbẹ̀, ó le bí èkùrọ́. Ó tì í, kò mì. Ó tún tì í.

"Sístà, ẹ wá bá mi fọwọ́ kàn án."

Sístà Tinú fọwọ́ kàn án. Ó lọ ṣí fọ́ọ̀mù. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, o ní kò sí kókó. Bó bá jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló yọ tó fi tóbi tó yìí, ó yẹ kí dókítà mọ̀. Ṣé o fọwọ́ tẹ ibí yìí lọ́jọ́ yẹn, àbí o ò tẹ̀ ẹ́?"

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé wọ́n máa ń lé ẹni tó bá parọ́ sínú fọ́ọ̀mù aláìsàn ni. Ọdún méjì rèé tí Zulfah ti ń kàwé yìí. Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bá a wí, Sístà. Kókó yẹn ti wà níbẹ̀ kí ààwẹ̀ tó wọlé. Afọlábí, fọ́máànù wa, ti fún mi láyè ọjọ́ méjì pé kí n lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Zulfah tan iná sí mi lọ́rùn, ó wò ó, ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò wí nǹkan kan. Mo bá mọ̀ pé kò le tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún Afọlábí pé kó má ṣèyọnu, nọ́ọ̀sì wà nílé mi, ó ti yẹ̀ mí wò. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi." Ó ń wo àwọn ọmọ kíláàsì yòókù bó ṣe ń sọ ọ́, ó fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ìbínú tí Zulfah ti ń pín kiri láti àárọ̀, fún bàbá rẹ̀, fún Sístà Tinú, ara rẹ̀ ló wá yí padà sí báyìí. Ó wù ú kó gbá ara rẹ̀ létí.

"Mi ò fọwọ́ kàn yín, Bàbá. Mi ò rí nǹkan kan. Mo kàn kọ ọ́ ni."

"Ṣùgbọ́n o kọ ọ́."

"Irọ́ ni mo kọ."

Sístà Tinú pa fọ́ọ̀mù dé. "Mú Bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà nísinsìnyí, kókó tí kì í mì níbẹ̀ kì í ṣe ohun à ń fi falẹ̀. A máa sọ̀rọ̀ tìẹ lọ́la."

Bàbá Láwàlì ò tíì dìde. Ó fi ìka kan tẹ ibi kókó náà. Ká ní ó tiẹ̀ bú u, tàbí ó gbá a létí lójú gbogbo wọn, ara ìbá tu Zulfah díẹ̀. Kò bú u. Ó gbójú sókè, kò wo Sístà Tinú, ọmọ rẹ̀ ló wò.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tá a fi jókòó láì lọ sí ọsibítù yẹn, Zulfah, ṣé ó pọ̀?"

"Ó pọ̀, Bàbá," ni Zulfah wí.