Ta Ló Ni Òkú Amùjẹ̀ Yìí?

Ní abúlé wa lẹ́bàá odò Morava, kò sí ẹni tó ń fẹ́ kí wọ́n pe bàbá ńlá òun ní vampir, ìyẹn òkú tó jí nínú sàréè, tó wá ń mu ẹ̀jẹ̀ alààyè kiri. Láyé ìyá ìyá mi, bí o bá pe èèyàn ní ọmọ òkú amùjẹ̀, igi ni yóò fi dá ọ lóhùn. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, ìjọba ìbílẹ̀ kéde pé àwọn yóò ri pátákó ńlá kan síwájú ilé ìdílé tí Živan, òkú amùjẹ̀ àtijọ́, ti wá, kí àwọn arìnrìn-àjò lè máa dúró ya fọ́tò níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìtìjú ti di oyè, tí ìdílé méjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í du Živan mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Èmi ni mo ń bójú tó ilé ìkàwé abúlé. Mo ní dípò ká máa jà, ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Bí mo ṣe ránṣẹ́ sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ognjenka ní Belgrade, olú ìlú wa, nìyẹn, obìnrin tó jẹ́ pé ìtàn òkú amùjẹ̀ niṣẹ́ rẹ̀, ti ẹnu àgbà àti ti inú ìwé. Ó gbà láti wá bá wa sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Nígbà tí mo pe akéwì kan wá ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn tó wá kò kún bẹ́ǹṣì kan, iná tó ń jó nínú sítóòfù ló sì fa àwọn yẹn gan-an wá. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá Krunija, àgbà ìdílé Prokić, kó àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó sápá ọ̀tún. Bàbá Slavoljub, olórí ìdílé Gligorin, kó tirẹ̀ sápá òsì. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin lè gba àárín wọn kọjá kó má kan ẹnikẹ́ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ognjenka kéré, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tóbi jù ú lọ.

Ó ní, “Ẹ gbàgbé èyí tẹ́ ẹ rí nínú fíìmù. Àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di ọlọ́lá pẹlẹńgẹ́, tójú rẹ̀ funfun báláú, tó ń fẹnu ko obìnrin lọ́wọ́. Tiwa níbí, àgbẹ̀ lásán ni. Ó sanra. Ojú rẹ̀ wú, ó sì pọ́n bí ata, torí ó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó. Aṣọ funfun tí wọ́n fi sin ín náà ló máa ń wọ̀ kiri.”

Ìyá Krunija nawọ́ sókè. “Ẹ ní ó sanra, àbí?”

“Ó sanra, mà.”

“Ẹ ò gbọ́ nǹkan! Tiwa ni! Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dìde kí wọ́n rí yín!”

Àwọn ọmọ rẹ̀ dìde, bẹ́ǹṣì sì mí kanlẹ̀.

Bàbá Slavoljub fò sókè. “Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni! Bàbá ńlá tèmi ló mu ẹ̀jẹ̀ ìdajì abúlé yìí!”

“Irọ́ gbuu! Eyín wo ló fi mu ún? Gbogbo ilé yín, ẹ kì í léyín!”

“Ìyá Krunija, ẹ ṣọ́ra yín o!”

“Kí n ṣọ́ra kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ̀fọn ń mu ẹ̀jẹ̀ yín, tẹ́ ẹ sì ń kí wọn káàbọ̀ bí àlejò!”

Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà. Orúkọ Živan nìkan ni ìtàn fi sílẹ̀ fún wa, ìdajì ọkùnrin ayé ìgbà náà ló sì ń jẹ́ Živan. Ẹ tún rántí nǹkan kan: ìgbàgbọ́ àwọn baba wa ni pé ọmọ ìran òkú amùjẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bá òkú amùjẹ̀ jà. Bó bá wọlé báyìí, àwọn ló máa kọ́kọ́ dìde.”

“Àwa la máa dìde!” ni Ìyá Krunija wí.

“Ẹ̀yìn wa lẹ máa tò sí!” Bàbá Slavoljub lu àyà rẹ̀ gbì.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá ṣí.

Nǹkan kan dúró síbẹ̀. Aṣọ funfun ló wọ̀ látọrùn dé ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ wú, ó pọ́n, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti pa dé, ètè rẹ̀ sì rí bíi sọ́séèjì méjì. Ó nawọ́ sí wa. Ó fẹ́ sọ pé “Ẹ jọ̀ọ́,” àmọ́ ètè náà ò jẹ́. Ohun tí gbogbo wa gbọ́ ni, “Ẹ̀jẹ̀ ooo!”

Áà! Bàbá Slavoljub, tí orúnkún rẹ̀ kì í jẹ́ kó kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, gba ojú fèrèsé jáde bí ológbò. Ìyá Krunija ti àkọ́bí rẹ̀ síwájú, àkọ́bí sì yí po, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bẹ́ǹṣì ń ṣubú lu bẹ́ǹṣì. Èmi gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, mò ń kígbe pé, “Ẹ fara balẹ̀! Kò sí nǹkan kan!” Orí tábìlì ni mo wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà lábẹ́ rẹ̀, òun náà ń pariwo:

“Kò sóhun tó ń jẹ́ òkú amùjẹ̀! Ìtàn àtẹnudẹ́nu lásán ni! Ta ló ní aáyù lọ́wọ́, ká fi lé e?”

Ariwo yìí ló jí Zagorka, obìnrin abúlé wa kan tó ti ń sùn látìgbà tí mo ti ń kí àlejò káàbọ̀. Ó nu ojú, ó wo nǹkan náà tìkà-tẹ̀gbin.

“Tihomir! Ṣé mi ò ní kó o fi àwọ̀n bojú kó o tó débi oyin?”

Tihomir ọkọ rẹ̀ ni, ẹni tó ń sin oyin létí odò; aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni aṣọ funfun yẹn. Oyin ti ta á káàkiri ojú. Ó délé, ilẹ̀kùn tì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ìyàwó, ló bá wá gbà á. Nọ́ọ̀sì abúlé, tóun náà ti sá dé ojú pópó, padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fún un lóògùn, ó ní kò ní kú.

Bàbá Slavoljub gba ẹnu ọ̀nà wọlé padà, ewé kún fìlà rẹ̀. Ìyá Krunija rọra wò ó.

“Slavoljub, bàbá ńlá yín ló wá kí yín, ẹ sì bá fèrèsé lọ.”

“Rárá o, Ìyá mi. Ẹ wo bó ṣe sanra tó. Tiyín ni.”

“Àwa? A kì í gba nǹkan oníǹkan nílé wa. Ẹ máa mú un lọ.”

“Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù. Ẹ mú un.”

Wọ́n ń fà á síwá sẹ́yìn títí wọ́n fi fẹnu kò pé àjèjì ni Živan, pé omi ló gbé e wá láti abúlé òdìkejì, àwọn yẹn ni kí wọ́n lọ ri pátákó fún.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó ní òun yóò parí ọ̀rọ̀ òun. Kò parí ẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti ní “ojú rẹ̀ wú,” gbogbo wa á wo Tihomir, ẹ̀rín á bú, Tihomir náà á rẹ́rìn-ín, á sì tún máa ké “yéè” torí ẹ̀rín ń dun ètè rẹ̀. Nígbà tó yá, Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ yọ gíláàsì ojú, ó ń nu omijé ẹ̀rín.

Ìyá Krunija gbé páì oníwàràkàṣì jáde, Bàbá Slavoljub gbé ìgò rakija, ọtí líle tá a fi èso ṣe, a sì jẹun pọ̀. Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa lọ, ó bẹ Tihomir pé kó jẹ́ káwọn jọ ya fọ́tò. Tihomir dúró tì í, ó na ọrùn, ó sì sọ gbólóhùn gígùn kan tí kò yé ẹnikẹ́ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sí Zagorka. “Kí ni wọ́n wí, mà?”

Zagorka ní, “Ó ní oyin tó ta òun yẹn dùn púpọ̀. Ó ní ìgò mélòó lẹ máa rà?”