Ahọ́n Ìnsípẹ́kítọ̀

Ọmọ náà kò tíì pé oṣù márùn-ún tí bàbá rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Ìnsípẹ́kítọ̀. Kò sí ẹni tó máa fi nǹkan sẹ́nu nínú ilé yẹn tí ọmọ náà kò ní tẹjú mọ́. Á wo ṣíbí bó ṣe kúrò nínú abọ́, á bá a lọ sókè, á wo bó ṣe wọlé, á wá máa wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ onítọ̀hún títí yóò fi gbé e mì. Bí ẹni náà bá gbé e mì tán, òun náà á mí kanlẹ̀. Bàbá rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún àwọn kan tó ń ta àga, ló gbójú sókè lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo jẹ ẹ́ bó ṣe yẹ?" Bí orúkọ ṣe mọ́ ọmọ lára nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Iṣẹ́ férémù ló ń ṣe. Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pẹ̀lú tábìlì gígùn, ayùn, gíláàsì tó fara ti ògiri, àti òórùn gọ́ọ̀mù tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Obìnrin yìí fẹ́ràn àtimọ fìn-ín ìdí kókò. Bí oníbàárà bá gbé fọ́tò wá, kò ní fọwọ́ kan igi kó tó bi í pé ta ni ti apá òsì yìí, kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín, ògiri wo lẹ fẹ́ gbé e kọ́ sí. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lórí fóònù pé ebi ló ń pa ọmọ, pé kí wọ́n tètè fún un lóúnjẹ, ohun tó ń yí lọ yí bọ̀ lọ́kàn rẹ̀ ni pé: kí ni ọmọ yìí tiẹ̀ ń wò gan-an? Ṣé oúnjẹ ni, ṣé ṣíbí ni, àbí ẹnu?

Ó dán an wò. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó gbé ọmọ sí ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó jókòó síwájú wọn, ó mú ṣíbí tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, ó ń fi sẹ́nu, ó ń jẹ òfìfo. Ìnsípẹ́kítọ̀ ranjú mọ́ ọn. Ìyá gbé ṣíbí sílẹ̀, ó kàn ń rún ẹnu lásán. Ọmọ ṣì ń wò ó. Ó wá gbé àwo ìrẹsì gbígbóná síwájú ọmọ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ nínú ẹ̀. Ọmọ fojú kan ìrẹsì, ó sì yíjú sí bọ́tìnnì ẹ̀wù bàbá rẹ̀.

"Ìrẹsì ò tiẹ̀ kàn án," ni ìyá wí. "Ẹnu ló ń wò."

"Mi ò mọ̀ pé onísáyẹ́ǹsì ni mo gbé níyàwó," ni ọkọ dáhùn. "Ó dáa, ká wá fún un lóúnjẹ ni àbí ká má fún un?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ó ń mu ọmú yó. Ó ń sùn dáadáa, ó ń sanra. Kí ló ń lé wa?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ń lé wa," ni ọkọ wí, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí ló ń pè wọ́n jù nínú gbogbo wọn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni bàbá ìyá ọmọ wá gbé lọ́dọ̀ wọn fúngbà díẹ̀. Agẹ̀run ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ràn irun orí àti ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ìwọ̀nba eyín tó kù fún un lókè ni, wọ́n sì ṣe àtọwọ́dá síbẹ̀. Dókítà eyín tó fẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò kò jìnnà sílé ọmọ rẹ̀, ìdí tó fi wá nìyẹn. Ọjọ́ tó dé, ó gba ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lórí mú fẹ́rẹ́, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bó ṣe máa ń ṣe sí oníbàárà.

"Ọrùn ti le," ló wí. "Àmọ́ ìbàdí ṣì ń yẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Bí mo bá gbé e sórí àga, á dojú délẹ̀."

Ohun kan wà tó ṣe ọmọ rẹ̀ ní kàyéfì. Bàbá kì í bá wọn jẹun. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, á ní inú òun ṣì kún. Tó bá yá, á gbé abọ́ rẹ̀ lọ sínú ṣọ́ọ̀bù, á ti ilẹ̀kùn, á jókòó sáàárín àwọn férémù tí kò tíì ní fọ́tò nínú. Obìnrin náà rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ṣé ọkọ òun ló ṣẹ̀ ẹ́ ni? Ṣé oúnjẹ òun ni kò dùn? Ó bi í, bàbá ní, "Kò sí nǹkan kan jàre," ó sì yí ọ̀rọ̀ sí bí òjò ṣe ń rọ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀gbọ́n ọkọ wọlé dé fúnra rẹ̀, ó gbé agolo oúnjẹ ọmọ dání. Èèyàn dáadáa ni. Kì í dé ilé ẹni lọ́wọ́ òfo, kì í sì í jókòó kó má ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó kí i tán, ó ti wà ní kíṣíìnì, ó ti ń po nǹkan pọ̀ nínú abọ́ kékeré.

"Ìyàwó wa, má dá mi dúró o," ló ń wí. "Àwọn tèmi, oṣù kẹrin ni gbogbo wọn ti ń jẹun, ìwọ náà ṣáà ń rí wọn. Ojú tí ọmọ yìí ń fi woni, ojú ebi ni."

"Àǹtí, mo dán an wò, kò jọ pé oúnjẹ ló ń wò o."

"O dán an wò báwo?"

Ìyàwó ṣàlàyé ṣíbí òfìfo àti ìrẹsì. Àǹtí dúró, ó ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, "Ó dáa, dán èyí náà wò." Ká sọ tòótọ́, òun ìyàwó gan-an fẹ́ rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ó gbé ọmọ lé itan, ó ní, "Ẹ fún un ní bíńtín, Àǹtí. Bíńtín o."

Àǹtí fi orí ṣíbí kan ètè ọmọ. Ìnsípẹ́kítọ̀ la ẹnu, oúnjẹ wọlé. Kíá, ahọ́n tì í jáde, ó ṣàn sí àgbọ̀n rẹ̀. Àǹtí fi ṣíbí ha á, ó dá a padà. Ahọ́n tún tì í síta. Ọmọ kò sunkún, kò sì bínú. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò dùn lẹ́nu ẹ̀ ni," ni Àǹtí wí. "Ẹ bá mi wá ṣúgà."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣúgà."

Bàbá àgbà ló sọ̀rọ̀. Ó ti ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Kì í ṣe pé ó kọ̀ ọ́. Ahọ́n ẹ̀ ni kò tíì gbà. Ohunkóhun tó bá yàtọ̀ sí ọmú, àjèjì ló kà á sí, ṣe ló ń lé e síta. Bí tèmi náà ṣe ń ṣe mí nìyẹn."

"Tiyín kẹ̀, Bàámi?" ni ọmọ rẹ̀ bi í.

Bàbá wo ilẹ̀. Ó dà bíi pé ó ti sọ kọjá ibi tó fẹ́ dúró sí. Ló bá na ọwọ́ sẹ́nu, ó yọ eyín òkè náà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ níwájú wọn. "Ẹ wò ó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi nǹkan yìí sí mi lẹ́nu ni ahọ́n mi ti ń bá a jà. Bí mo bá ń jẹun, ó ń ro tàkà-tàkà bí àlùmọ́gàjí agẹ̀run, oúnjẹ á sì gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ṣé iwájú àna mi ni mo ti fẹ́ máa ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ wo eyín lọ́wọ́, ó wo ẹnu bàbá àgbà, ó tún wo ọwọ́. Ó ya ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Kò tíì rí irú ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti ń yẹ ẹnu èèyàn wò. Àǹtí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó di tábìlì mú kó má bàa ṣubú. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú èrìgì lásán. Wọ́n fa àga kan fún un sídìí tábìlì, ó sì bá wọn jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Eyín ń ro tàkà-tàkà, kò sẹ́ni tó bìkítà. Àǹtí de agolo rẹ̀, ó gbé e sórí pẹpẹ.

"Ó dáa, mo gbà," ló wí. "Àmọ́ báwo la ṣe máa mọ ìgbà tí ahọ́n bá gbà?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni ìyá ọmọ gbé lọ bá nọ́ọ̀sì nígbà tí wọ́n lọ wọn ọmọ. Nọ́ọ̀sì gbé Ìnsípẹ́kítọ̀ sórí òṣùwọ̀n, ó ní ó wọ̀n dáadáa, wàrà ìyá rẹ̀ ṣì ń tó o. "Ẹ má kánjú. Ó yẹ kó tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà ná, àmọ́ ara ọmọ lẹ máa wò. Ó gbọ́dọ̀ lè jókòó dáadáa, kó gbé orí dúró. Tó bá rí nǹkan, kó lè mú un, kó sì gbé e tààrà sẹ́nu. Kí ahọ́n ẹ̀ má sì máa ti nǹkan jáde mọ́, kó lè gbé e mì."

"Ojú tó fi ń wò wá ńkọ́?"

"Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń wò nígbà yìí. Wíwò nìkan kì í ṣe ebi."

"Tó bá jẹ́ pé ó lè jókòó àmọ́ tí ahọ́n ṣì ń tì í ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé ahọ́n ti gbà àmọ́ tí..."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé ìdánwò lẹ fẹ́ lọ ṣe ni? Ẹ fún un láyè. Òun fúnra ẹ̀ á sọ fún yín."

Tọkọtaya sọ ọ́ láàárín ara wọn, wọ́n fẹnu kò pé àwọn máa dúró. Àmọ́ dídúró yẹn kò jọ dídúró lásán. Ọkọ gba àga ọmọdé kan níbi iṣẹ́, wọ́n ká tówẹ̀lì sí i lọ́tùn-ún lósì kí ọmọ má bàa yẹ̀, wọ́n sì ń gbé e kọjú sí bàbá àgbà nígbàkigbà tí bàbá bá ń jẹun. Àwọn méjèèjì jọ ń kọ́ṣẹ́. Àǹtí, tó máa ń pè láti sọ pé kí wọ́n fún ọmọ lóúnjẹ, ìbéèrè mìíràn ló ń bi wọ́n báyìí: "Ahọ́n ńkọ́? Ìbàdí ńkọ́?" Nígbà tó yá, wọ́n yọ tówẹ̀lì kan, wọ́n yọ ìkejì, Ìnsípẹ́kítọ̀ sì jókòó ṣinṣin bí ọ̀gá ilé iṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá ọmọ ń nu gíláàsì férémù kan ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń ké láti kíṣíìnì. "Wá o! Tètè wá!"

Ó sáré wọlé. "Kí ló dé? Ṣé ó há a lọ́fun ni?"

"Rárá, dákẹ́! Wo ẹnu ẹ̀."

Ọ̀dùnkún sísè tí wọ́n gún ni bàbá ń jẹ, láìsí iyọ̀, torí dókítà ti ní kó jìnnà sí iyọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Bó ṣe fẹ́ gbé ṣíbí sẹ́nu ni ọmọ nawọ́, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fa ṣíbí sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì kì í bọ ẹnu. Ọ̀dùnkún ti kun imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àga, wọ́n ń dúró de ahọ́n.

Ahọ́n kò jáde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mì díẹ̀, ọ̀fun sún sókè, ó sún sísàlẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ la ẹnu fún wọn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ó ti lọ!" ni bàbá pariwo.

Inú obìnrin náà dùn, àmọ́ nǹkan kan gún un lọ́kàn. Láti ìgbà tó ti bí ọmọ yìí, kò sí ohun tó bọ́ ọ tí kò ti ara òun wá. Bàbá rẹ̀ rí ojú rẹ̀.

"Ṣé ó dùn ẹ́ ni?"

"Díẹ̀. Mo ti rò pé èmi ni màá kọ́kọ́ fún un."

"Má bínú, ọmọ mi. Èmi náà kọ́ ni mo fún un. Òun ló gbà á lọ́wọ́ mi." Ó fọ ṣíbí kékeré kan, ó nà án sí i. "Ó yá, ìwọ náà fún un."

Ó fún un ní bíńtín, ọmọ gbé e mì. Ó tún gbé òmíràn lọ, ọmọ di ẹnu pinpin, ó yí orí kúrò. Ìyẹn náà yà á lẹ́nu: ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó tó. Ó nu ojú rẹ̀, ó gbé e, ó fún un lọ́mú bó ṣe máa ń ṣe, ọmọ sì mu ún bí ẹni pé kò sóhun tó yí padà.

Nígbà tí ọkọ dé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Ó kù díẹ̀ kó pé oṣù mẹ́fà. Ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀?"

"A ti bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ ò dúró dè mí!"

"Ọmọ ẹ ni kó o lọ bá wí."

Wọ́n ń fún un ní nǹkan díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ náà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, lẹ́yìn tó bá ti mu ọmú. Ó fẹ́ràn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Kárọ́ọ̀tì jẹ́ kó fún ojú pọ̀ bí ẹni tí wọ́n purọ́ fún, síbẹ̀ ó tún la ẹnu. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì kárọ́ọ̀tì, ọkọ tú ìlédìí, ó sì lọgun pe gbogbo ilé. Wọ́n yí i ká. Bàbá àgbà fi awò sójú kó lè rí i dáadáa. Pupa rúsúrúsú ni ìgbẹ́ ọmọ, èérún kárọ́ọ̀tì sì wà nínú ẹ̀ bí wọ́n ṣe wọlé gẹ́lẹ́.

"Ó dà bíi kí ni?" ni Àǹtí ń bi wọ́n lórí fóònù. "Ẹ ṣàlàyé dáadáa, mi ò gbọ́!"

"Ó dà bíi kárọ́ọ̀tì, Àǹtí," ni ìyá ọmọ dáhùn, ẹ̀rín kò sì jẹ́ kó lè sọ ìyókù. Ó gbé fóònù fún ọkọ rẹ̀, ó lọ fọ ọwọ́, ó ń ronú ohun tí àwọn máa gún fún ọmọ lọ́la.