Atàǹpàkò Olóróró

Nígbà tí ìjọ aládùúrà tó wà lẹ́yìn oríta Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń wá ẹni tí yóò lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìdìbò wá ní Ọ̀yọ́, Dorcas télọ̀ ni gbogbo ẹnu dárúkọ. Ó kàwé díẹ̀, ó gbọ́ òyìnbó díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju oyin lọ. Ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ọdún 1987 ló ń bọ̀. Màmá Morẹ́nikẹ́, ọmọ ìjọ náà tó jẹ́ agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ń du ipò kánsẹ́lọ̀, ohun kan ṣoṣo ló sì ṣèlérí: ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò tí wọ́n ti tì pa láti ọdún mẹ́ta, òun yóò ṣí i. Dorcas fúnra rẹ̀ ti pàdánù ọmọ kan níbi tí wọ́n ti ń wá mọ́tò tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré lójú rẹ̀ rárá.

Ọjọ́ méjì ni sẹ́mínà ọ̀hún. Lọ́jọ́ kìíní, Dorcas jókòó níwájú, ó kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà, ó jẹ ìrẹsì tí wọ́n pín. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìgbéraga ní í ṣáájú ìparun, Bíbélì tirẹ̀ náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọjà Akẹ̀sán ni Dorcas gbà lọ, ó lọ ra tìmùtìmù méjì tí wọ́n fi awọ ṣe, tó ti ń wù ú tipẹ́. Kó tó ná an tán, sẹ́mínà ti parí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dúró níwájú ìjọ, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó bá ìjọba mulẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ó ti atàǹpàkò bọ íǹkì, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sójú àmì Màmá, ẹ ó ká ìwé yín, ó parí!"

Ìyá Ìfẹ́olúwa tó ń ta ọṣẹ nawọ́ sókè. "Sista Dorcas, ṣé a lè fi òróró àdúrà pa atàǹpàkò wa ká tó lọ? Kí ọ̀tá má baà rí ìbò wa gbé ṣe."

Dorcas kò mọ̀. Ì bá sì sọ pé òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n ojú àwọn èèyàn pọ̀ lára rẹ̀.

"Ẹ fi pa á dáadáa, mà," ó ní. "Òróró kì í ba nǹkan jẹ́."

Wòlíì Akínpẹ̀lú, olórí ìjọ, mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ìjọ ṣe àmín.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, Wòlíì gbé ìgò òróró dání, àwọn ìyá tò, wọ́n ń na atàǹpàkò lọ́kọ̀ọ̀kan. Orin ni wọ́n kọ dé ibi ìdìbò. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òṣìṣẹ́ tó ń ka ìbò gbé ìwé kan sókè lójú gbogbo èèyàn. Òróró ti wọ inú ìwé náà, íǹkì ti ṣàn kiri, nígbà tí wọ́n sì ká a, ó ti tẹ àmì olùdíje kejì náà. "Ó bàjẹ́." Ó gbé òmíràn. "Ó bàjẹ́." Mẹ́tàdínlógójì ni gbogbo rẹ̀. Ìbò mọ́kànlá péré ni olùdíje kejì fi ju Màmá Morẹ́nikẹ́ lọ.

Safurat aláṣọ, ẹni tí àwọn obìnrin mọ́sálásí rán lọ sí sẹ́mínà yẹn, fa Dorcas sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Dorcas, ṣebí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì? Wọ́n ní ká nu ọwọ́ wa gbẹ, kí epo má kàn án, kí íǹkì gbẹ ká tó ká ìwé. Mo wá ọ títí, n ò rí ọ."

Dorcas ní inú ló ń run òun lọ́jọ́ náà. Safurat wò ó, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìwò yẹn dun Dorcas ju èébú lọ. Nígbà tó délé, ó ti tìmùtìmù méjèèjì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò lè wò wọ́n.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Wòlíì ní iṣẹ́ ayé ni. "Ẹ gbóhùn sókè! Ọ̀tá tó ba ìbò wa jẹ́, Olúwa, dójú tì í!" Ìjọ figbe ta. Ìyá Ìfẹ́olúwa ń fọwọ́ gbá ilẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀, nítorí oyún ọmọ rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Dorcas kúnlẹ̀ láàárín wọn, ẹnu rẹ̀ kọ̀, kò lè ṣe àmín. Ta ni yóò ṣe àmín sí èpè ara rẹ̀?

Ẹnìkan wá kígbe lẹ́yìn pé, "Safurat ńkọ́? Mo rí i tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ níbi ìdìbò!"

"Òun nìyẹn!" làwọn kan dáhùn.

Ìtìjú gbá Dorcas láyà, ó dìde. "Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Kò sí ọ̀tá kankan. Òróró tí mo ní kí ẹ fi pa ọwọ́ ló ba ìwé jẹ́. Èmi ni."

Màmá Morẹ́nikẹ́ yí padà lórí ìjókòó rẹ̀ níwájú. Kò tilẹ̀ gbóhùn sókè.

"Dorcas, ṣé wọn ò sọ fún yín l'Ọ́yọ̀ọ́ ni?"

"Wọ́n sọ, mà. N ò sí níbẹ̀ ni."

"Níbo lo wà?"

Dorcas wo Màmá, ó wo Ìyá Ìfẹ́olúwa tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

"Mo lọ ra tìmùtìmù, mà."