Ṣòkòtò Ọkọ-Ìyàwó

Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, ọrùn ẹ̀wù kan ni Ìyá Aránṣọ ń rán lọ́wọ́ nígbà tí òjìji ènìyàn bo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kò gbójú sókè. Ikọ́ ló fi mọ ẹni tó dé: olórí àwọn alábàárù ní ilé ìkẹ́rùsí tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ni, ẹni tí eruku ọkà ti bá ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mulẹ̀. Aláwàdà ni ọkùnrin náà. Bó bá ti yọjú, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wí ni pé, "Ìyá Aránṣọ, ẹ bá mi rán ẹnu ìyàwó mi pa, ẹ má fi òwú ṣahun!"

Lọ́jọ́ náà kò wí nǹkan kan. Ó ṣí fìlà, ó dì í mú mọ́ àyà. Ẹsẹ̀ obìnrin náà dúró lórí máṣíìnì.

"Kí ló dé?"

"Ẹ wọ bàtà yín, Ìyá Àrẹ̀mọ. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Sí ibo?"

"Ọ̀sibítù."

"Ṣé ó ṣubú ni?"

"Kò ṣubú." Ọkùnrin náà fi fìlà nu ojú. "Ó jókòó ni."

Bàbá Òṣùwọ̀n ni gbogbo ènìyàn ń pe ọkọ rẹ̀. Òun ló ń wọn àpò ọkà kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀, kò sì sí àpò tó lè tan án jẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé gbogbo, kí wọ́n tó gbé àpò àkọ́kọ́ lé òṣùwọ̀n, òun fúnra rẹ̀ a gùn ún. A fi ẹnu ara rẹ̀ pe iye tó rí, a wá kígbe pé, "Kò yẹ̀!" Àwọn alábàárù a sì dáhùn pé, "Kò ní yẹ̀ láé!" Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni iye náà ti wà lójú kan. Ìyẹn ni ògo rẹ̀. Ìkejì ni ṣòkòtò tó wọ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, tó ṣì ń bá a mu.

"Ó gùn ún láàárọ̀ yìí," ni olórí alábàárù ń wí bí wọ́n ti ń lọ lójú ọ̀nà. "Ó kígbe, a dáhùn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá jókòó sáàárín àwọn àpò, ó fẹ̀yìn tì. A rò pé eré ló ń ṣe. A tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, Ìyá Àrẹ̀mọ. A rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí a tó mọ̀."

Yàrá tí wọ́n tẹ́ ẹ sí kò ní fèrèsé. Wọ́n ti fi aṣọ funfun bò ó dé ọrùn. Dókítà tó dúró tì í jẹ́ ọmọbìnrin tí kò ju àbúrò Àrẹ̀mọ, àkọ́bí Ìyá Aránṣọ ọkùnrin, lọ, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ènìyàn lójú oorun.

"Màmá, àìsàn wo ló ti ń ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀?"

"Kò sí. Orí fífọ́ lásán, kò ṣe é rí."

Olórí alábàárù mi orí. "Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ẹni tí kò wá ṣàìsàn ńkọ́, kí là bá wò lára rẹ̀?"

Dókítà náà kọjú sí Ìyá Aránṣọ. "Màmá, ṣé ṣòkòtò wọn ti ń fún wọn láti ọdún bíi mélòó kan?"

"Rárá," ni Ìyá Aránṣọ wí.

Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó ti wí i tán ni ọ̀rọ̀ náà gún un nínú bí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ sínú aṣọ.

Dókítà wí pé òun kò lè búra pé ohun tó pa Bàbá nìyí, ṣùgbọ́n ohun tí ojú òun ń rí lójoojúmọ́ ni òun yóò sọ. Ó ní ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ, gbogbo ayé ní í rí i. Èyí tó fara sin sínú ikùn, tó di mọ́ ẹ̀dọ̀ àti ìfun, òun la kì í kà sí. Bí ènìyàn bá ti ń dàgbà, apá rẹ̀ lè máa gbẹ, kí itan rẹ̀ máa tín-ín-rín, kí ikùn sì máa gba ohun tí apá àti itan pàdánù. Òṣùwọ̀n yóò máa pe iye kan náà. Olúwarẹ̀ yóò máa jẹun, yóò máa ṣiṣẹ́, yóò máa ṣàwàdà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò sì ti máa ru lábẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀kọ́ kékeré kan wà tí a fi ń kìlọ̀ fún àwọn tí ara wọn le," ó wí. "Ẹ fi okùn wọn gígùn ènìyàn láti orí dé gìgísẹ̀. Ẹ ṣẹ́ okùn náà sí méjì. Ó yẹ kó lè yí ikùn rẹ̀ ká. Bí kò bá ká a, kí ó wá rí wa, ìbáà máa fò bí ewúrẹ́. Kì í ṣe ìdájọ́ ikú o, Màmá. Ìkìlọ̀ ni." Ó tún bi í pé, "Ẹ̀yin ní àwọn ọmọ. Ta ló jọ Bàbá jù nínú wọn? Kí ó wá rí mi."

Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ìyá Aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn òun. Ó ti gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìmọ̀. Ó tẹ́ ẹ láti àtàrí ọkùnrin náà dé gìgísẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó wá ti ọwọ́ rẹ̀ bọ abẹ́ ẹ̀yìn tó ti tutù, bó ti máa ń ṣe nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Etí téèpù méjèèjì kò pàdé. Ó kù gan-an.

"Má bínú," ó wí fún un.

Láti ẹnu ilẹ̀kùn ló ti rí Àrẹ̀mọ tó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń sọkún. Ó fẹ̀yìn ti ògiri bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń fẹ̀yìn tì, apá tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ sì ń fà láàárín.

Bí ọ̀rọ̀ ṣòkòtò náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìyá Aránṣọ ló rán an fúnra rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó àfẹ́sọ́nà, aṣọ aláwọ̀ eérú tó dára. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń wí pé, "Aṣọ ọkùnrin, fi etí sílẹ̀ nínú. Ọkùnrin kì í dúró sójú kan." Ó fi etí aṣọ sílẹ̀ nínú, èyí tí a lè tú bí ara bá fẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí ọjọ́ ìgbéyàwó wọn bá ti yípo, ọkọ rẹ̀ a wọ ṣòkòtò náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a sì máa na ìdí hàn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Ọdún kan dé tí bọ́tìnnì kò dé ihò rẹ̀. Ọkùnrin náà fà á, ó mí sínú, ó tún fà á. Kò ṣe àwàdà kankan. Ó kàn jókòó sí etí ibùsùn, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ojú ní í rójú ṣàánú. Nígbà tó lọ wẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tú ẹ̀yìn ṣòkòtò náà, ó fi ìbú ìka kan kún un láti inú etí tó fi sílẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e padà sórí ibùsùn. "Tún un wò," ó wí. "Oúnjẹ àná ló wú sí ọ nínú." Bọ́tìnnì dé ihò. Ẹ̀rín tí ọkùnrin náà rín lọ́jọ́ náà, obìnrin náà kò rí èyí tó dùn tó o rí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di àṣà. Nígbà tí etí inú tán, ó lẹ àjákù aṣọ náà mọ́ ọn lẹ́yìn, níbi tí kóòtù máa ń bò. Àwọn ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Bó sì ti ń ṣe pẹ̀lú àwọn oníbàárà rẹ̀ nìyẹn: bó bá wọn ìbàdí ènìyàn, sínú ló ń ka iye rẹ̀, kò ní pè é sókè kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Ìwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é. Òun náà gbà pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn ti padà sílé, Àrẹ̀mọ wá wo àwọn aṣọ bàbá rẹ̀. Awakọ̀ akẹ́rù ni, orí ìjókòó ló ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún.

"Ṣé o ti lọ rí dókítà yẹn?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Màmá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Ó ní kí o wá."

"Kí n lọ sọ pé kí ló ń ṣe mí? Pé ara mi le jù? Èmi tí mò ń fọwọ́ kan gbé táyà!" Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. "Ṣé apá ẹni tó sanra rèé? Ẹ lọ wọn Ìyá Oníbúrẹ́dì, òun ló ń gba ìjókòó èèyàn méjì."

"Ìyá Oníbúrẹ́dì kọ́ ni mo bí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń tú àpótí lọ. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan ṣòkòtò aláwọ̀ eérú náà, ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀. Ó gbé e mọ́ imú. Lẹ́yìn náà ó wọ inú yàrá lọ, ó wọ̀ ọ́ jáde. Bọ́tìnnì ti dé ihò.

"Ẹ wò ó! Wẹ́kú! Ṣòkòtò tí Bàbá wọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, kí ẹ tó bí mi. Bí wọ́n ti rí nígbà náà ni mo rí lónìí. Kí ni dókítà tún fẹ́ wọ̀n?"

Ìyá Aránṣọ wo ọmọ rẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ògo kan ṣoṣo tó kù fún ẹni tó wà nínú ilẹ̀ ni yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ó mọ ibi tí ọ̀nà yẹn gbà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé ni. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

"Bọ́ ọ," ó wí.

"Kí ni?"

"Bọ́ ṣòkòtò yẹn, kí o gbé e wá síbi."

Ó jókòó ti máṣíìnì, ó da ṣòkòtò náà dé, ó fi bíléèdì tú ẹ̀yìn rẹ̀. Kò yára. Àjákù aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ọn bọ́ sílẹ̀. Ó tú ìlà kan, ó tú èkejì. Ibi tí aṣọ ti fara pamọ́ sínú láti ọdún gbọọrọ dúdú ju ibi tí oòrùn ti rí lọ, ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ sì tò lọ lára rẹ̀ ní ìlà ìlà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí ìgbà tí omi odò ń kún tó ń fi àmì sí ara ògiri.

Àrẹ̀mọ tẹ̀ síwájú. "Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni."

"Ṣé Bàbá mọ̀?"

"Kò bi mí rí. Èmi náà kò sọ."

Ó fi píìnì há a ní ìlà tó wà nínú jù, ìlà àkọ́kọ́ pátápátá, ó sì nà án sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà wọ̀ ọ́. Ó fa etí rẹ̀ méjèèjì, ó mí sínú, ó tún fà á. Àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn ìbá gba àárín bọ́tìnnì àti ihò kọjá. Ìyá rẹ̀ mọ ojú tó rí lójú rẹ̀, ó ti rí i rí ní etí ibùsùn.

"Àwọn èèyàn á máa fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́," ni Àrẹ̀mọ wí. "Gbogbo ariwo 'kò yẹ̀' yẹn."

"Kò parọ́. Òṣùwọ̀n náà kò parọ́, ohun tí a bi í ló dáhùn. Aṣọ ló parọ́, èmi ni mo sì rán an. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín wọn kò ní pa ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ wá…" Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó bọ́ ṣòkòtò, ó wọ tirẹ̀, ó jáde láìdágbére. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀ títí tó fi kọjá ìyànà.

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọjá tí kò yọjú, tí kò sì ránṣẹ́. Obìnrin náà ń rán aṣọ àwọn ènìyàn. Ó ń kọ́ etí rẹ̀ láti sùn pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ apá kejì ibùsùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjìji bo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Màmá, ẹ wọ̀n mí," ni Àrẹ̀mọ wí.

Ó dìde. Ó fi téèpù yí ikùn rẹ̀ ká lórí awọ, kò fà á fún, kò sì dẹ̀ ẹ́. "Mí síta. Má fa ikùn wọlé, ìyá rẹ ló ń wọ̀n ọ́, kì í ṣe àfẹ́sọ́nà." Lẹ́yìn náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, ó pe iye tó rí sókè ketekete. Ó wọn gígùn rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó pe ìyẹn náà. Àwọn méjèèjì dúró tí wọ́n ń wo bí iye kejì ti kéré sí ti àkọ́kọ́.

"Ṣé àánú mi ò ṣe yín ni?" ọmọ náà bi í, ohùn rẹ̀ kéré.

"Ó ṣe mí. Àánú bàbá rẹ náà ṣe mí."

Àrẹ̀mọ wolẹ̀. Ó ní òun yóò lọ rí dókítà náà lọ́la kí òun tó wa ọkọ̀ jáde. Ìyá rẹ̀ ní àwọn yóò jọ lọ. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò sọ, ìyá rẹ̀ kò sì sọ fún un pé yóò dára. Ó sin ín dé ojú ọ̀nà, ó padà wọlé.

Ṣòkòtò aláwọ̀ eérú náà ṣì wà níbi tó fi í sí, píìnì ṣì wà lára rẹ̀. Ó gbé e lé orí itan. Kò lo máṣíìnì. Ó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rán an padà sí ìlà àkọ́kọ́, ihò kan lẹ́yìn òmíràn, bí ó ti rí ní ọjọ́ tí ọkùnrin náà wọ̀ ọ́ wá fẹ́ ẹ.