Ẹ̀jẹ̀ Tó Wà Lójú Ìwé

Báírò dúdú ni mo fi kọ ọjọ́ kẹsàn-án, àbí búlúù? Dúdú ni. Rárá… búlúù ni, torí ọjọ́ keje ni mo ti yí báírò padà, kó lè dà bíi pé dúdú yẹn sọnù. Kò yẹ kí n máa ṣí ìwé yìí níta gbangba. Obìnrin tó jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì yìí ń yọjú wò ó. Àbí kò yọjú. Òun náà di ìwé tirẹ̀ mú gírígírí, bóyá ohun tó ń ṣe mí ló ń ṣe é.

Ọgbọ̀n ọjọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni mo kọ láàárọ̀ yìí lórí tábìlì, ní ìjókòó kan ṣoṣo, kí omi tíì tó hó. 112. 126. 119. Mo fi 171 kan há àárín wọn kó má baà dán jù, mo kọ “búrẹ́dì” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè rí nǹkan díẹ̀ bá mi wí lé lórí. Ẹni tí kò ní àṣìṣe kankan, ta ló máa gbà á gbọ́? Ó rẹ̀ mí. Aago mẹ́sàn-án ò tíì lù, ó sì ti rẹ̀ mí bí ẹni tó ti oko bọ̀.

Èmi mọ bí irọ́ inú ìwé ṣúgà ṣe máa ń rí. Ta ló tún fẹ́ mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti fi jókòó sí òdìkejì tábìlì — nọ́ọ̀sì àwọn alátọ̀gbẹ, ní kílíńìkì kan tó jìnnà síbí, ọkọ̀ méjì ni mo wọ̀ kí n tó débí. Àwọn tí mò ń tọ́jú níbẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Ẹlẹ́nu Abẹ. Wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀, ó sì máa ń dùn mọ́ mi tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìwé wọn lé tábìlì mi, mi ò kì í tètè ka nọ́ńbà inú rẹ̀. Mo máa ń wo báírò. Bó bá jẹ́ ọ̀kan náà láti òkè délẹ̀, irọ́ ni. Mo máa ń wo etí ìwé; bí kò bá ká, irọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wá ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń gún ìka lóòótọ́ lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á ta sójú ìwé lọ́jọ́ kan, kékeré báyìí, kò ju ojú eṣinṣin lọ. Ìwé tí kò ní ẹ̀jẹ̀ níbì kankan… hẹn-ẹn. “Màmá, ìgbà wo lẹ kọ eléyìí, ṣé àná ni àbí òní?” Gbogbo bẹ́ńṣì á rẹ́rìn-ín.

Èmi náà rèé báyìí. Báírò méjì. Mo fọwọ́ ká etí ìwé títí ó fi gbó. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló wá kù, mo sì…

Kí n fìyẹn sílẹ̀ ná.

Ṣé kílíńìkì tiwa ni kí n lọ? Kí àwọn tí mo ti ń bá wí fún gbogbo ọdún yìí wá rí mi lórí bẹ́ńṣì wọn, tèmi ti káàdì lọ́wọ́? Ojú ń tì mí. Kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí. Níbí, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, wọ́n bi mí pé, “Màmá, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?” Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rò ó. “Mo ń ránṣọ.” Èmi tí mi ò lè gán bọ́tìnnì. Nígbà tí mo padà wá, nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà yìí gbé síkẹ́ẹ̀tì lé mi lọ́wọ́, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo síìpù rẹ̀.” Mo gbé e lọ fún aránṣọ tòótọ́ ní àdúgbò wa, mo gbé e padà wá fún un, ó ní ọwọ́ mi mọ́. Ó kí mi láàárọ̀ yìí bí ẹni kí ìyá rẹ̀. Irọ́ kì í dá rìn, àfi kó wá ẹnìkejì.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lápá mi nígbà tí mo wá kẹ́yìn, èyí tó máa ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù mẹ́ta. Èsì rẹ̀ á ti wà nínú fáìlì lónìí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún… mo ti fi òwe yẹn na ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo mọ̀ pé òótọ́ máa lé e bá lónìí. Mo mọ̀, mo sì tún jókòó, mo kọ ọ́.

Dókítà ibí. Obìnrin kékeré, kò lè ju ọmọ mi lọ. Mo ti múra dè é lọ́jọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yẹn. Mo ti ní ìdáhùn ti oúnjẹ, ìdáhùn ti oògùn, ìdáhùn ti ìrìn ẹsẹ̀. Ó ka ìwé mi, ó pa á dé. Ó gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ní, “Màmá, nínú gbogbo ohun tí a ní kẹ́ ẹ máa ṣe yìí, èwo ló nira jù fún yín?”

Ìbéèrè wo nìyẹn? Mo wá ibi tó dẹ pàkúté sí, mi ò rí i. Mo ní, “Kò sí.” Ó dákẹ́. Kò kọ nǹkan kan. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn tò sórí bẹ́ńṣì títí dé ẹnu géètì. Mo tún ní, “Kò sí, dókítà. Mò ń gbìyànjú.” Ó ní, “Mo rí i pé ẹ̀ ń gbìyànjú, Màmá. Bó bá di ìgbà mìíràn, bóyá ẹ ó sọ fún mi.” Inú bí mi títí mo fi délé. Wọ́n kọ́ àwa náà nírú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, odidi ọjọ́ kan nínú gbọ̀ngàn. Ẹ má na aláìsàn lẹ́gba ọ̀rọ̀, ẹ bi í ní ohun tó ń dà á láàmú, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ kó lè sọ ọ́. Mo sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo ní ta ló ráyè? Ogójì èèyàn láàárọ̀ kan, kí n máa bi wọ́n ní ohun tó nira? Kí ni kò nira láyé.

Ọmọ mi pè lánàá. “Màmá, ṣé ẹ ti wọ̀n ọ́n?” “Mo ti wọ̀n ọ́n.” “Èló ni?” “Ó dáa.” Ó dáa kì í ṣe nọ́ńbà. Òun náà mọ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní kí n sinmi.

Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì… mi ò fẹ́ ronú kàn án. Mo sì ń ronú kàn án. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé tí mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, tí mo rí i pé ó lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Kò dùn mí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ká ní ó ń dùn mí ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún àìmọye èèyàn, mo nàka sí wọn nímú. Ẹsẹ̀ tí kò bá mọ ìrora mọ́, bẹ́ ẹ bá rí egbò lára rẹ̀, ẹ má dúró dọ̀la. Ọjọ́ mọ́kànlá. Mò ń wẹ̀ ẹ́, mò ń fi báńdéèjì wé e, mò ń wọ bàtà tó bò ó. Láàárọ̀ yìí ó ti ń rùn. Díẹ̀ ni. Imú nọ́ọ̀sì ló lè gbọ́ ọ. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mò ń pa làpálàpá. Egbò ń rùn nísàlẹ̀ tábìlì, èmi ń yan báírò lókè.

Bí mo bá bọ́ bàtà yìí níwájú rẹ̀, ìwé yìí ti di yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Bí mi ò bá sì bọ́ ọ… mo mọ ibi tó ń lọ. Mo mọ̀ ọ́n ju dókítà yẹn lọ. Mo ti rí i délẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn.

Bàbá Oníbàtà. Kí ló dé tó jẹ́ òun ni mò ń rí láti àárọ̀? Abẹ́ àtẹ̀gùn tó wà nítòsí kílíńìkì wa ló ti ń rán bàtà. Ìwé rẹ̀ dára. Ó fi rúlà fàlà sí i. Báírò kan, etí ìwé le gbagidi, kò sí ẹ̀jẹ̀. Mo gbé e sókè kí gbogbo bẹ́ńṣì lè rí i. Mo ní, “Ẹ wá wo iṣẹ́ ọnà o.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ta ló rò pé òun ń tàn. Ó ń fi àtàǹpàkò nu àwọ̀ bàtà kúrò ní èékánná rẹ̀. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, mo kọ ọ́ kí inú yín lè dùn ni.” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Kò wá mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó pé oṣù márùn-ún, wọ́n gbé e wá, egbò ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kọjá ohun tó ṣeé gbà là, láti orúnkún ni wọ́n ti gé e. Mo sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́. Ọdún méjì gbáko, ẹ wo Bàbá Oníbàtà, agídí ló fà á. Mi ò jókòó kí n bi ara mi lẹ́ẹ̀kan pé kí ló fà á tí inú mi fi gbọ́dọ̀ dùn kí bàbá yẹn tó lè gbàtọ́jú.

“Mẹ́rìndínlógún.”

Obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi ni. Ó dìde. Èmi ló kàn.

Mo tún ṣí ìwé. Ọjọ́ kejìlélógún. Ẹ̀jẹ̀ náà nìyí, ó ti gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ mi ni, kì í ṣe irọ́, òun nìkan ni kì í ṣe irọ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán láàárọ̀, mo mú abẹ́rẹ́ kékeré yẹn, mo gún ìka mi, mo fún un títí ó fi yọ, mo wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Mo gbé e jìnnà sójú, mo wò ó. Mo ní ó dáa. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà sì wà níbẹ̀. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, kò tó ìbú ọwọ́ kan sí mi. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí ìka mi. Ìgún tí mo ní ó ti sú mi, tí mo ní òun ni kì í jẹ́ kí n wọn nǹkan… mo ti gún un. Mo ti jẹ ìyà rẹ̀ tán. Ẹ̀kán kan péré ni ẹ̀rọ yẹn ń fẹ́, ẹ̀kán náà wà lọ́wọ́ mi. Ìwé ni mo gbé e fún.

Ìwé. Ìwé ta ni?

Dókítà yìí ò wá ẹ̀jẹ̀ lójú ìwé mi rí. Kò yẹ etí rẹ̀ wò. Kò béèrè báírò. Kò gbé e sókè han ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹnì kan ní gbogbo ilé yìí tó mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó máa ń wá a… Ẹlẹ́nu Abẹ.

Ọkọ̀ méjì ni mo wọ̀ láti sá fún un. Ó bá mi wọ ọkọ̀. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì yìí láti àárọ̀, ó ń ka etí ìwé mi.

“Mẹ́tàdínlógún.”

Èmi ni. Mo dìde. Ẹsẹ̀ òsì ò sọ nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà ní, “Ẹ rọra, Màmá wa.” Èwo ló nira jù… kì í ṣe oúnjẹ. Kì í ṣe oògùn. Kì í ṣe ìka gígún pàápàá. Kéèyàn gbé òótọ́ síwájú irú mi ni. Òun ló nira. Òun ló nira fún bàbá yẹn, èmi ni mo mú un nira, mi ò sì mọ̀ títí ó fi di tèmi.

Mo jókòó. Dókítà ti gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé wà lórí itan mi, mi ò tíì nà án sí i. Mo kọ ọ́ kí inú yín lè dùn ni.

Inú mi ò dùn, Bàbá. Ó rẹ̀ mí, ẹsẹ̀ mi ń rùn, inú mi ò sì dùn.