Ṣọ̀mbọ̀ Tasa Kì Í Jáde Síta

Naum ń kan ìṣó kẹta mọ́ igi fèrèsé nígbà tí Risto, aládùúgbò rẹ̀, dé ìdí ọgbà, tó sì gbé apá lé e.

"Naum! Kí lò ń kàn mọ́bẹ̀?"

"Àwọ̀n."

"Àwọ̀n, nínú òtútù yìí? Ẹ̀fọn wo ló wà níta?"

"Kì í ṣe tìtorí ẹ̀fọn. Oyin ni."

Risto wò ó títí. Yìnyín ò tíì yọ́ tán lórí òrùlé ilé àgùntàn. Kò sí oyin kan tó ń fò ní gbogbo abúlé.

"O fẹ́ gbìn ín," ni Risto wí.

"Mo fẹ́ gbìn ín."

"A ti fẹnu kò, Naum."

"Ẹ fẹnu kò pé ata tó ń ta ò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ yín. Yàrá mi kì í ṣe ilẹ̀." Ó mú ìṣó mìíràn láti ẹnu rẹ̀, ó kàn án wọlé.

Ìgbà ìwọ́wé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Tàtàṣé ni gbogbo abúlé ń gbìn. Bó bá pọ́n, wọn a sun ún, wọn a bó o, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a dín in nínú epo títí yóò fi ki. Ajvar nìyẹn. Òun ni wọ́n ń fi jẹ búrẹ́dì títí òtútù yóò fi lọ. Lọ́dún náà, ajvar Risto ń ta bí iná. Ibi ìrìbọmi ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ti ṣí ìgò àkọ́kọ́. Àlùfáà fi búrẹ́dì gbá a, ó gbé e sẹ́nu, omi ló sì kọ́kọ́ béèrè kí ó tó lè sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé sunkún. Ìyá ọmọ tuntun náà sunkún.

Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wádìí. Ọgbà kan ṣoṣo ni ṣọ̀mbọ̀ wà, ọgbà Naum. Oyin ti gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó láti ibẹ̀ lọ sára tàtàṣé Risto, Risto sì ti tọ́jú kóró rẹ̀, ó gbìn ín lọ́dún kejì. Ohun tó hù nìyẹn. Naum ò jiyàn, nítorí òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n péjọ níwájú ṣọ́ọ̀bù Mende tí wọ́n sì fẹnu kò, ó lọ sílé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa gbogbo ṣọ̀mbọ̀ rẹ̀ tu. Kò dúró de olùrànlọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ata náà, ti Tasa ni. Tasa, ìyàwó rẹ̀, ló kó kóró rẹ̀ wá láti ilé ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó so ó mọ́ etí ìborí. Ata gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ní ilà wẹ́wẹ́ lára, bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe ọnà sí i. Tasa ti kú. Okùn ata àtijọ́ kan ló ṣẹ́kù lára ògiri, kóró inú rẹ̀ sì ti ń pẹ́ jù. Kóró ata tó bá pẹ́ jù kì í hù mọ́. Bí wọn ò bá hù lọ́dún yìí, ó tán nìyẹn.

Tasa kì í ju kóró ata sínú ilẹ̀ tútù. Aṣọ tó rin ló máa ń fi dì wọ́n, á sì kì wọ́n bọ àyà títí wọn yóò fi là. Naum náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kì wọ́n sábẹ́ ẹ̀wù, ó sì lọ mu kọfí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Mende, bó ṣe máa ń lọ. Kò pẹ́ tí iwájú ẹ̀wù rẹ̀ fi rin.

"Ẹ wo àyà Bàbá Ratka," ni Mende wí, ó nawọ́ sí Naum. "Wàrà ń jò."

"Ọmọ wo lẹ ń fún lọ́mú, bàbá?" ni ẹlòmíràn bi í.

"Ìbejì ni," ni Mende dáhùn. "Ẹ ò rí i pé ọ̀tún òsì ló ń jò?"

Risto jókòó sí igun, kò rẹ́rìn-ín.

Naum mu kọfí rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. "Bí wọ́n bá délé ayé," ó ní, "n ó pè yín síbi ìrìbọmi wọn. Àlùfáà kúkú ti tọ́ wọn wò."

Ẹ̀rín bú jáde. Risto dìde, ó jáde, kò sì pa ilẹ̀kùn dé.

Kóró mẹ́ta péré ló là. Naum gbìn wọ́n sínú ike yọ́gọ́ọ̀tì. Oòrùn kì í wọ yàrá náà. Nítorí náà ó lọ bá ọlọ́dẹ ilé iṣẹ́ ìránṣọ tí Tasa ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó tì í, ó tọrọ gílóòbù gígùn méjì. Ó fi wáyà so wọ́n kọ́ sókè tábìlì, súnmọ́ ewé gan-an. Bí ata bá ti ń ga, á ká wáyà náà sókè díẹ̀. Ibùsùn ò gba ibẹ̀ mọ́, ó gbé e lọ sí ilé ìdáná. Ìmọ́lẹ̀ funfun ń ti ojú fèrèsé bọ́ sójú ọ̀nà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọjá á sì pariwo pé, "Bàbá Naum, ṣé ijó ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ratka, ọmọ rẹ̀, wá láti ìlú Skopje nígbà ọdún Àjíǹde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Bàbá, ilé ìdáná lẹ ń sùn, nítorí ata?"

"Ibẹ̀ ló móoru jù."

"Màámi ti lọ, Bàbá. Ata ò lè jí wọn."

"Mo mọ̀."

"Kí wá lẹ ń bá gbogbo abúlé fà?"

Naum yí ike kan padà kí ìhà kejì lè rí iná. "Wọ́n ní kí n má gbìn ín síta, mo gbà. Pé kí ó kú, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ wọn."

 Kí Ratka tó padà, ó bomi rin àwọn ata náà.

Ìdí ọ̀kan jẹrà. Ológbò da ìkejì nù. Ẹyọ kan ló kù. Ó ga, ó tanná, òdòdó rẹ̀ sì ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Naum jókòó tì í, ó rò ó. Òun ló ti ilẹ̀kùn mọ́ oyin. Iṣẹ́ oyin ti di tirẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kí ó tó mu kọfí, á fi ìka ta òdòdó kọ̀ọ̀kan pẹ́pẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ. Àwọn tó kù ò já mọ́. Wọ́n so.

Nígbà tí èéfín tàtàṣé sísun tún gba abúlé, Risto dé pẹ̀lú Mende.

"Wọ́n rí oyin lójú fèrèsé rẹ," ni Risto wí.

"Níta àwọ̀n ni wọ́n ti rí i."

"A fẹ́ wò ó fúnra wa."

"Ẹ bọ́ bàtà."

Wọ́n bọ́ ọ. Ata náà dúró lábẹ́ iná, ó ga dé àyà Naum, ṣọ̀mbọ̀ pupa ń rọ̀ lára rẹ̀ pẹ̀lú ọnà wọn. Mende fi ìka tọ etí àwọ̀n yíká.

"Ẹ wá oyin fún mi," ni Naum wí. "Bí ẹ bá rí ẹyọ kan, èmi ni n ó fà á tu."

Wọ́n wo ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé. Risto kúnlẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. Wọn ò rí nǹkan kan. Mende ní tàtàṣé òun ń jóná, ó lọ. Risto ò lọ.

"Ìyàwó mi se ẹ̀wà lánàá," ó ní.

"Ó dáa."

"Ata ọjà ló fi sí i. Bí ẹni ń jẹ koríko."

Naum yí ike ata náà díẹ̀ sí iná.

"Naum. Fún mi ní ẹyọ kan, n ó mú un relé."

"Rárá."

"Nítorí ẹyọ ata kan?"

"Kì í jáde síta. A ti fẹnu kò. Bí o bá fẹ́ jẹ ẹ́, ibí lo ti máa jẹ ẹ́."

Risto wo ilẹ̀kùn. Ó wo ata. Ó lọ jókòó sétí ibùsùn ní ilé ìdáná.

Naum gé ẹyọ kan. Ó là á, ó ha gbogbo kóró rẹ̀ sórí bébà, ó dì í, ó kì í bọ àpò. Èyí tó kù ló gbé síwájú Risto pẹ̀lú búrẹ́dì àti wàràkàṣì. Risto jẹ ẹ́. Etí rẹ̀ pọ́n. Omi ń ti ojú àti imú rẹ̀ bọ́. Naum gbé omi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, Risto ò fọwọ́ kàn án. Ó jẹ ẹ́ dé ìdí.

"Ti Tasa ni," ó ní, nígbà tí ohùn rẹ̀ padà.

"Tirẹ̀ ni."

"Bí o bá gbé e síta, èmi ni n ó kọ́kọ́ fà á tu."

"Mo mọ̀. Bàtà rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà."

Lọ́jọ́ ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọn kì í jẹ ẹran, Risto tún dé, ó gbé abọ́ ẹ̀wà dání. Mende tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn wọn, àwọn mìíràn ń yọ́ wá. Wọ́n ń bọ́ bàtà, wọ́n ń jókòó sétí ibùsùn, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń lọ. Kò sí kóró kan tó bá wọn lọ. Wọn ò yí àdéhùn padà, Naum náà ò sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yí i.

Nígbà tí yìnyín tún bo òrùlé, ata márùn-ún ló kù lórí okùn lára ògiri, pẹ̀lú ìdì kóró kan nínú ìborí Tasa. Àwọ̀n náà ṣì wà lójú fèrèsé.